Má Gba Mọ́tò Náà Kí O Tó Wo Abẹ́ Rẹ̀

Houston, Texas
Oṣù Kẹwàá, 1984

Àjọkẹ́ mi,

Láràárọ̀, kí àwọn ará ilé yìí tó jí, mo máa ń sọ̀ kalẹ̀ lọ fọ mọ́tò mi. Garawa pupa kékeré tí mo fi ń fọ aṣọ ni mo máa ń gbé. Màá bu omi sí i dé ìdajì, kó má baà dà sórí àtẹ̀gùn, màá sì fi àkísà méjì kọ́ èjìká, ọ̀kan fún ọṣẹ, ọ̀kan fún nínù. Ìrì ìlú yìí pọ̀. Bí o bá fọwọ́ kan mọ́tò láàárọ̀, àfi bíi pé òjò rọ̀ sórí òun nìkan. Òkè ni mo máa ń kọ́kọ́ nù, lẹ́yìn náà dígí iwájú, bọ́nẹ́ẹ̀tì, ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí n tó fi táyà parí rẹ̀. Irin funfun tó yí iná iwájú ká, èémí ẹnu mi ni mo fi ń mú un dán. Màá hà sí i, màá nù ún, títí n ó fi rí ojú ara mi nínú rẹ̀. Ọkùnrin kan wà lókè kejì tó máa ń mu kọfí lójú fèrèsé ní àkókò yẹn. Kò kí mi rí, èmi náà kò kí i, ṣùgbọ́n ó máa ń gbé ife rẹ̀ sókè díẹ̀ bí mo bá parí. Màá da omi ìdọ̀tí sídìí koríko, màá sì tètè gòkè kí ẹnikẹ́ni tó bá mi sọ̀rọ̀.

Oṣù méje ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú oṣù méjèèje, n kò bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ mọ́tò náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò ní tètè tán.

Láti ìgbà tí o ti kó lọ bá ọkọ rẹ ní Buffalo ni mo ti ń to lẹ́tà ìmọ̀ràn kan sínú ọkàn mi, èyí tí ìyá máa ń kọ fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé ọkọ. Mo ti mọ ohun tí n ó sọ nípa sùúrù àti nípa ẹbí. Gbogbo rẹ̀ á dúró ná. Nǹkan tó ṣẹlẹ̀ sí mi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ti gbá a sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Mo ń bọ̀ láti kíláàsì ọ̀sán ní yunifásítì tí mo wá kàwé sí. Mo ti kúrò lórí títì ńlá tí wọ́n ń pè ní fíríwéè, mo ń sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi tí iná tó ń darí ọkọ̀ wà. Iná náà pọ́n. Mo tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ mi sì bá a lọ dé ilẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn bá tẹ ìrọ̀rí. N kò pariwo. Mo rí ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ń tóbi sí i níwájú mi, mo sì ka gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sí i lára, bí ẹni pé ìdánwò ni. Mo fa bíréèkì ọwọ́, mo yí mọ́tò sórí koríko, ó sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó kan tí kò ju apá kan lọ sí mi. Mo jókòó síbẹ̀, mò ń ka àwọn ọkọ̀ tó ń kọjá. N kò lè ṣe nǹkan mìíràn.

Wọ́n fa mọ́tò náà lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan tí kò jìnnà síbẹ̀, aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gbẹ́ni Wílì. Ẹgbẹ́ mi ni. Ìlú yìnyín ni wọ́n bí i sí, níbẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́, kí ó tó sá fún òtútù wá síhìn-ín. Ó fi jáàkì gbé mọ́tò náà, ó fi irin mẹ́rin tì í nísàlẹ̀, ó wọ abẹ́ rẹ̀, ó sì pẹ́ kó tó jáde.

"Máàmù," ó ní, "ta ló ta èyí fún yín?"

Mo ní àgbà ìjọ wa ni.

"Ṣé ẹ jọ ń jà ni?"

Mo ní a kò jà. Mo ní àwọn ló wá gbé mi ní pápákọ̀ òfuurufú nígbà tí n kò mọ ẹnì kan ní ìlú yìí.

Ó nu ọwọ́ rẹ̀. "Ẹ wá wò ó fúnra yín."

Síkẹ́ẹ̀tì ni mo wọ̀. Ojú tì mí láti nà gbalaja sílẹ̀ níwájú ọkùnrin. Ó mọ̀, ó tẹ́ páálí sílẹ̀ fún mi, ó sì kọ ẹ̀yìn sí mi títí mo fi wọlé. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí dára lójú mi. Abẹ́ mọ́tò náà dúdú, ó ń dán, bí ẹni pé ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n kun ún lọ́dà. Mo ní, "Ó mà mọ́ o." Ọ̀gbẹ́ni Wílì na ọwọ́ wọlé, ó fi ẹnu sukudíráfà ti ọ̀dà náà jẹ́jẹ́. Ó wọlé bí ọ̀bẹ ṣe ń wọ ẹ̀kọ tútù. Ìpẹtà pupa bí osùn dà sí mi lójú. Kò sí irin lẹ́yìn ọ̀dà náà mọ́, Àjọkẹ́. Ọ̀dà nìkan ló dúró bí irin.

Ó fi páìpù tó ń gbé omi bíréèkì lọ sẹ́yìn hàn mí. Ó ti jẹ tán, ó là lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí èèpo ẹ̀pà. Lẹ́yìn náà ó ní kí n wo òkè, níbi tí ẹsẹ̀ mi máa ń wà bí mo bá ń wakọ̀. Ihò kan wà níbẹ̀ tí ọwọ́ mi lè gbà kọjá. Kápẹ́ẹ̀tì nìkan ló wà láàárín ẹsẹ̀ mi àti títì ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn.

"Ṣé orí máa ń fọ́ yín?" ó bi mí.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ti tó oṣù méjì tí orí ti ń fọ́ mi bí mo bá wakọ̀ pẹ́. Èmi ni mo kọ ọ́ sí ọ pé àárò yín ló ń fọ́ mi lórí. Kì í ṣe àárò. Èéfín tó yẹ kó gba sàlẹ́ńsà jáde lẹ́yìn ló ń gba ihò yẹn wọlé bá mi.

"Ẹ dúpẹ́ pé Houston ni," ó ní. "Ooru kì í jẹ́ kí ẹ ti fèrèsé. Níbi tí wọ́n ti bí mi, fèrèsé mọ́tò kì í ṣí láti November títí di March."

Ìwọ ni mo rí nígbà tó sọ bẹ́ẹ̀. Mo rí Tóbi, ọmọ-ọmọ mi, lórí ìjókòó ẹ̀yìn, nínú ẹ̀wù òtútù rẹ̀, tó ń sùn, tí gbogbo yín sì rò pé oorun lásán ni.

Mo bi í pé kí ló jẹ irin báyìí. Ó ní iyọ̀ ni. Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní bí yìnyín bá ti bo títì ní ìhà tọ̀hún, ọkọ̀ ìjọba á máa da iyọ̀ sílẹ̀ bí ẹni ń da yanrìn, kí yìnyín lè yọ́ kí táyà má yọ̀. Omi iyọ̀ yẹn á ta sí abẹ́ mọ́tò, á wọ gbogbo kọ̀rọ̀, á sì máa jẹ irin láti inú wá sí òde. Ọmọ mi, iyọ̀ ni mo fi kàn ọ́ lẹ́nu ní ọjọ́ tí a sọ ọ́ lórúkọ. Iyọ̀ náà ni Alàgbà Ọdúnladé tó tà á fún mi fi kan bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò yìí nígbà tí wọ́n ń gbàdúrà sí i fún mi, tí wọ́n ní ìrìn àjò mi á máa dùn. Mo ṣe àmín. Iyọ̀ tó ti ta sí mọ́tò náà kí ó tó dé Texas ju ti ọwọ́ Alàgbà lọ.

Nítorí ìlú yìnyín ló ti wá. Àbúrò Alàgbà, Bọ̀dá Kúnlé, ló rà á ní Buffalo tó wà á wá síhìn-ín. Bọ̀dá Kúnlé kan náà tí ẹ fẹ́ gba mọ́tò lọ́wọ́ wọn ní Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Èmi ni mo mú yín mọ̀ wọ́n.

O mọ ohun tí a sọ lórí tẹlifóònù lánàá, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n tún un sọ, kí o lè gbọ́ bí ó ṣe dún létí mi. Mo dúró síbi tẹlifóònù ẹ̀gbẹ́ ilé ìfọṣọ, mo ní, "Àjọkẹ́, ṣé ẹ ti wo abẹ́ mọ́tò tí Bọ̀dá Kúnlé fẹ́ tà fún yín?"

O ní, "Màmá, ẹ káàsán. Ṣé kò sí nǹkan?"

"Ṣé ẹ ti wo abẹ́ ẹ̀?"

O bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. "Fẹ́mi, wá gbọ́. Màmá ti di mẹkáníìkì."

Ọkọ rẹ gba tẹlifóònù. "Màmá wa, ẹ fọkàn balẹ̀. Mọ́tò yẹn ń dán bíi dígí. Abẹ́ ẹ̀ gan-an, Bọ̀dá Kúnlé ní àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ún ní ọ̀dà dúdú ni. Wọ́n ní kò lè dógùn-ún mọ́ láyé yìí."

Mo fi ariwo bọnu. Obìnrin kan tó ń ká aṣọ bi mí bóyá ara mi yá. Mo ní kí ẹ má gbà á. O gba tẹlifóònù padà, o kò rẹ́rìn-ín mọ́. O ní, "Màmá, ẹ̀yin lẹ ní ará ilé wa ni wọ́n. Báwo la ṣe máa wá na ara sílẹ̀ sábẹ́ mọ́tò níwájú wọn, bí ẹni pé olè ni wọ́n?" Mo fẹ́ dá ọ lóhùn, owó ẹyọ tó wà lọ́wọ́ mi tán, tẹlifóònù sì kú. Ìdáhùn mi nìyí.

Èkíní. Ìtìjú rẹ yẹn, ọwọ́ mi ni o ti jogún rẹ̀. Nígbà tí mo lọ wo mọ́tò mi nílé wọn ní Missouri City, lẹ́bàá Houston níbí, Alàgbà ní, "Ìyáàfin, ẹ yí i po, ẹ wò ó dáadáa." Mo kó ọwọ́ sẹ́yìn, mo yí i po lẹ́ẹ̀kan, mo ní ó dára. Ṣùgbọ́n o mọ ojú mi, kì í sinmi. Mo rí ìyẹ̀fun pupa díẹ̀ lórí kọnkéré lábẹ́ mọ́tò náà. Mo rí i, Àjọkẹ́. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀, mo wo ojú àgbà tó dúró tì mí, mo ní bí mo bá bẹ̀rẹ̀, ó di pé mo pè wọ́n ní onírọ́ lójú ilé wọn. Mo fi ẹnu mi dákẹ́. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Nísinsìnyí, gbọ́ bí ẹ ó ṣe ṣe é. Bí ẹ bá débẹ̀ ní Sátidé, ẹgbẹ́ mọ́tò náà ni kí ẹ ti kí Bọ̀dá Kúnlé. Kúnlẹ̀ dáadáa bí mo ṣe kọ́ ọ. Ẹni tó bá ti kúnlẹ̀ tán, ojú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé abẹ́ mọ́tò. Fẹ́mi tó máa dọ̀bálẹ̀ á rí i jù ọ́ lọ. Kí ó má tètè dìde. Kí ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n wo ìsàlẹ̀ níbí kan." Kí ó mú sukudíráfà sápò, kí ó fi ti ọ̀dà náà ní ìdí ilẹ̀kùn, ní abẹ́ ìjókòó, àti lára irin gígùn tó gbé gbogbo mọ́tò dúró. Irin gidi á dáhùn pé kó-kó-kó. Èyí tó ti jẹrà kò ní dáhùn. Kí ó wo páìpù bíréèkì láti iwájú dé ẹ̀yìn. Bí wọ́n bá bínú, kí wọ́n bínú sí èmi. Ẹ sọ pé ìyá yín ló rán yín.

Èkejì jẹ́ ti ọ̀dà. Kò sí ẹni tí mo tíì sọ ìtàn yìí fún, àní bàbá rẹ pàápàá kò gbọ́ ọ kó tó kú. Nígbà tí mo kọ́kọ́ di tíṣà, mo ra kẹ̀kẹ́ àlòkù kan. Ọrùn rẹ̀ ti dógùn-ún. Mo fẹ́ kí àwọn tíṣà yòókù rò pé tuntun ni, mo ra ọ̀dà aláwọ̀ ewé, mo kun ún, ó dùn ún wò. Ní ọ̀nà oko ilé ìwé, ọrùn kẹ̀kẹ́ dá, èmi sì dé ilẹ̀ kí n tó mọ̀ pé mo ti ṣubú. Àpá tí o máa ń bi mí léèrè ní àgbọ̀n mi nìyẹn. Mo sọ fún ọ pé ilé ìdáná ni. Ọ̀dà kì í wo ìpẹtà sàn. Ṣe ló ń bò ó mọ́lẹ̀, tí omi á wà láàárín méjèèjì, tí irin á máa jẹrà níbi tójú kò tó. Bí ẹ bá fẹ́ kun abẹ́ mọ́tò, ẹ kọ́kọ́ ha gbogbo ìpẹtà kúrò, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ pátápátá, kí ẹ tó kùn ún. Bí ẹ bá sì rí mọ́tò àlòkù tí abẹ́ rẹ̀ dán ju òkè rẹ̀ lọ, ẹ bi ara yín léèrè pé kí ló dé.

Fífọ̀ ló kàn. Èmi tí mò ń fi èémí ẹnu nu irin iwájú, ìṣẹ́jú márùn-ún omi lábẹ́ ìbá ti ṣe mí lóore ju oṣù méje lórí òkè lọ. Bí yìnyín bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ máa fi rọ́bà omi fọ abẹ́ mọ́tò lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, pàápàá lọ́jọ́ tí òtútù bá dẹ̀ díẹ̀. Ẹ fọ inú ibi tí táyà ń yí, torí ẹrẹ̀ oníyọ̀ máa ń dì síbẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Wílì sọ ohun kan tó yà mí lẹ́nu: gáréèjì tó móoru máa ń pa mọ́tò ju ìta gbangba lọ, bí ẹ kò bá fọ iyọ̀ kúrò. Òtútù máa ń mú iyọ̀ sùn ni, ooru ló ń jí i. Ẹ má gbé mọ́tò sórí koríko tútù pẹ́, bákan náà.

Kí yìnyín tó dé, oṣù yìí gan-an, ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì fọ́n òróró ọkọ̀ sí gbogbo abẹ́ rẹ̀ àti sínú ilẹ̀kùn. Kò lẹ́wà, á máa kán sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, ṣùgbọ́n omi kò ní rí ibi dì mọ́. Ẹ kíyè sí i kí ó má bọ́ sórí bíréèkì tàbí sára sàlẹ́ńsà. Àwọn ihò kéékèèké wà nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn, ibẹ̀ ni omi ń gbà jáde. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀dà dí wọn.

Ó tún ku ti kápẹ́ẹ̀tì. Ǹjẹ́ o rántí àpótí irin mi, èyí tó ní òdòdó lórí? Kì í ṣe òun ni àkọ́kọ́. Àkọ́kọ́ ni ìyá mi rà fún mi nígbà ìgbéyàwó. Mo gbé e sórí ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì tó máa ń lómi nígbà òjò, mò ń nu ìdérí rẹ̀ lójoojúmọ́. Lọ́jọ́ tí a fẹ́ kó kúrò, mo gbé àpótí, ìdí rẹ̀ sì dúró sílẹ̀ pẹ̀lú gbogbo aṣọ mi. Ìyá mi wò mí, wọ́n ní, "Ìdérí lo fẹ́." N kò gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn, mo sì tún ṣe ohun kan náà ní ọmọ ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta, nílẹ̀ òkèèrè, pẹ̀lú ìwé tí mo ti kà. Bàtà yín á máa gbé yìnyín wọnú mọ́tò. Ẹ máa ká kápẹ́ẹ̀tì sókè, ẹ jẹ́ kí abẹ́ rẹ̀ gbẹ. Bí orí bá ń fọ́ yín nínú mọ́tò, bí Tóbi bá ń sùn ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ ṣí fèrèsé kí yìnyín wọlé, kí ẹ sì sọ̀ kalẹ̀. Má pè é ní àárò ilé.

N kò mọ̀ bóyá Alàgbà mọ ohun tó wà lábẹ́ mọ́tò náà. Mo ti rò ó títí. Ó ṣeé ṣe kí àwọn náà má bẹ̀rẹ̀ wò ó rí, nítorí àbúrò wọn ló wà á wá. Ilé wọn nìkan ni ibi tí wọ́n ti ń pè mí ní orúkọ ní ìlú yìí. Ìyàwó wọn máa ń di oúnjẹ fún mi ní Sunday, ó sì mọ̀ pé n kì í jẹ ata púpọ̀. Bí mo bá pàdánù wọn, ó ku èmi àti ọkùnrin tó ń gbé ife kọfí sókè. Mo mọ ohun tí mo fẹ́ fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, èmi náà sì ti di àgbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo tún ń gbé báàgì ilé ìwé.

Mọ́tò náà ṣì wà lọ́dọ̀ Ọ̀gbẹ́ni Wílì, ṣùgbọ́n ó gé páìpù bíréèkì tó là yẹn, ó fún mi. Mo fi ìwé ìròyìn wé e, ó wà lórí tábìlì níwájú mi bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, ìyẹ̀fun rẹ̀ sì ń dà sórí ìwé ìròyìn náà.

Lọ́la, n kò ní gbé garawa sọ̀ kalẹ̀. Màá kọ́kọ́ fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́. Lẹ́yìn náà màá wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ìhà Missouri City dé ibi tó bá gbé mi dé, màá sì fi ẹsẹ̀ rin ìyókù. Màá kúnlẹ̀ kí Alàgbà bí mo ṣe máa ń ṣe. Lórí ìkúnlẹ̀ yẹn ni màá ti tú ìwé ìròyìn náà síwájú wọn, màá ní kí wọ́n fi tẹlifóònù pe àbúrò wọn ní ojú mi, n kò sì ní dìde títí wọn ó fi pè é.

Ìyá rẹ ni.